Lẹ́yìn Aṣọ Ìkélé: Ohun Tí Mo Rí Níbi Ìpàtẹ Ọjà Irun

Mo ṣèlérí lóṣù tó kọjá pé ọ̀rọ̀ omi mímu ni a ó máa bá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé ìyẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ohun kan ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo lọ ṣe ní Èkó, ó sì kan ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa gan-an.

Nọ́ọ̀sì ni mí, bí púpọ̀ nínú yín ti mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wọ́n máa ń pè mí kí n wá jókòó síbi ayẹyẹ ńlá pẹ̀lú àpótí oògùn àti báńdéèjì, nítorí pé níbi tí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá kóra jọ sí, ẹnì kan kò ní ṣàì dákú, ẹnì kan kò ní ṣàì fi nǹkan gé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ìpàtẹ ọjà irun ni wọ́n pè mí sí lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé irú ibẹ̀ rí, kí n ṣàlàyé díẹ̀. Gbọ̀ngàn ńlá kan ni, tí wọ́n fi pákó pín sí ìsọ̀ ìsọ̀ bí ọjà. Ìsọ̀ kan ń ta wíìgì, èkejì ń ta ìpara, òmíràn ń ta kílípà àti dáráyà, òmíràn ń ta àga tí wọ́n fi ń fọ irun. Àwọn tó ń tajà wá láti Èkó àti Abá, àwọn kan wá láti Íńdíà, Ṣáínà, Túrkì àti Bùràsíìlì. Orin ń dún kíkankíkan. Àárín gbọ̀ngàn ni wọ́n tẹ́ pèpéle sí, tí àwọn onídìrí tó mọṣẹ́ dunjú ń gùn lọ láti fi orí àwọn ọmọge ṣe àfihàn ọjà tuntun. Àwọn èèyàn á jókòó, wọ́n á máa ya fọ́tò, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́.

Kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n gbé àga tèmi sí. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni. Ọ̀nà tóóró kan wà lẹ́yìn pèpéle yẹn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an ti ń lọ. Ohun tí àwọn tó wà níwájú ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wò, láti ìdájí ni wọ́n ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Ọmọge tó máa jáde ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti jókòó síbẹ̀ láti agogo mẹ́fà àárọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń pọn omi wá nínú ike, torí pé ọ̀nà jìn díẹ̀ sí ẹnu ẹ̀rọ. Àwọn ló ń po riláásà, àwọn ló ń po dáì, tí wọ́n ń fọ táwẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń gbá irun tó já sílẹ̀. Wáyà iná lọ́ mọ́ra wọn lórí ilẹ̀ tútù bí ejò. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ o, àmọ́ iwájú ló kọjú sí. Fèrèsé kankan kò sí lẹ́yìn.

Mo rí ọmọge kan tó ń ṣa gbogbo irun tí wọ́n gé lórí rẹ̀ sínú ọ̀rá. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní ìyá òun kìlọ̀ fún òun pé òun kò gbọdọ̀ fi irun orí òun sílẹ̀ ní Èkó. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bá a mú ẹnu ọ̀rá náà.

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ orúkọ àwọn tó bá wá sọ́dọ̀ mi sí. Kó tó di alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní, mo ti ṣàkíyèsí ohun kan. Oníbàárà kan péré ló wà nínú wọn, bàtà gogoro ló gbé e ṣubú. Gbogbo àwọn yòókù, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn aṣọ ìkélé ni. Orí ń fọ́ wọn, ojú ń ta wọ́n, ọ̀nà ọ̀fun ń yún wọn. Riláásà ti jó ọ̀kan létí. Mo wá ń bi ara mi pé, ọjà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó níwájú pé ó tutù, pé ó ń tọ́jú irun, báwo ló ṣe jẹ́ pé àwọn tó ń pò ó ló ń wá gba oògùn orí fífọ́ lọ́wọ́ mi?

Lọ́jọ́ kejì, àwa Mùsùlùmí tó wà lẹ́yìn kóra jọ sínú yàrá kan tí wọ́n ń kó páálí sí, láti kírun Àyìlà. Àwa obìnrin bí mẹ́jọ la tò sẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Láti ìgbà tí a ti wọ ìrun ló ti ń wúkọ́, ikọ́ gbígbẹ, ikọ́ tí ẹni tó ń wú u ń gbìyànjú láti gbé mì kó má bàa dí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Nígbà tí a sálámà tán, tó gbé ọwọ́ sókè láti ṣe àdúà, mo rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ti là bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sáàárín ìka, gbogbo èékánná rẹ̀ sì ti dúdú.

“Ọmọ mi, kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?”

“Iṣẹ́ ni, mà.”

“Ṣé ó ń dùn ọ́?”

Ó wolẹ̀. “Tí n bá ń ṣe àlùwàlá ló máa ń ta mí jù, mà. Ìgbà míì, mo máa ń sún un síwájú títí á fi ku díẹ̀ kí àkókò ìrun kọjá.”

Gbólóhùn yẹn dùn mí ju ẹ̀jẹ̀ tí mo rí lọ. Mo bi í nípa ilé wọn. Àṣé Ìbàdàn ló ti wá, àṣé ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá àsàlátù wa ni, ẹni tí a jọ máa ń jókòó sórí ẹní kan náà láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Oṣù márùn-ún ló kù kó gba fíríìdọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Mo ní kó padà wá bá mi lẹ́yìn Aláàsárì kí n bá a tọ́jú ọwọ́ náà. Kò padà wá. Wọ́n gbé e wá ni.

Aláàsárì kò tíì tó nígbà tí àwọn kan tó wá polówó oògùn tó ń na irun, irú èyí tí àwọn onídìrí ń pè ní kẹrátìn, fẹ́ mú ọmọge mẹ́fà jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n tò wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n fi oògùn náà pa irun wọn, wọ́n fi dáráyà gbẹ ẹ́, wọ́n wá ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Èéfín funfun gba gbogbo ẹ̀yìn. Ojú mi ń ṣomi níbi tí mo wà, bẹ́ẹ̀ n kò sún mọ́ wọn. Ọmọ wa yìí ló ń di irun mú fún ẹni tó ń tẹ áyọ́ọ̀nù. Wọ́n ṣe orí kìn-ín-ní, wọ́n ṣe èkejì, wọ́n ṣe ẹ̀kẹta. Lórí ẹ̀kẹrin ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dọ́dọ̀ mi, àyà rẹ̀ ń fọn bíi fèrè, kò lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ikọ́ fée ni, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní asthma. Ó ti ní in láti kékeré, àmọ́ kò sọ fún ọ̀gá rẹ̀, torí ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Ínhélà rẹ̀ wà nínú báàgì níbi tí wọ́n sùn sí. Ọlọ́hun ló ṣe é tí ọ̀kan wà nínú àpótí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe, kí ilé tí ẹni tó ní ikọ́ fée bá wà lè fi sọ́kàn. Mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé e kúrò níbi èéfín náà; a gbé e gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi ń já ẹrù bọ́ síta. N kò jẹ́ kó dùbúlẹ̀. Mo mú un jókòó, mo ní kó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Mo fún un ní ínhélà aláwọ̀ búlúù, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan, mo ń dúró bí ìṣẹ́jú kan láàárín. Mo lé àwọn tó fẹ́ da omi tútù lé e lórí sẹ́yìn, mo sì gba ìgò àdí lọ́wọ́ ẹnì kan tó fẹ́ fi pa á láyà. Lẹ́yìn ìgbà kẹfà ni èémí rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Síbẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, nítorí ikọ́ fée tó lọ lè padà lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ibẹ̀ ló sùn mọ́jú.

Ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú o. Òun ló san owó ilé ìwòsàn. Nígbà tó padà dé, ó gbé ìgò oògùn náà wá bá mi, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. “Màmá, ẹ wò ó, wọ́n kọ ọ́ síbí pé kò sí fọ́málínì níbẹ̀. Ṣé mo lè mọ̀ọ́mọ̀ pa ọmọ ọlọ́mọ ni?” Lóòótọ́ ni wọ́n kọ ọ́ síwájú ìgò, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Mo wọ awò ojú mi, mo yí ìgò náà sẹ́yìn. Láàárín àwọn lẹ́tà kéékèèké tó wà níbẹ̀ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ méjì yìí: methylene glycol.

Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Afẹ́fẹ́ olóró kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ formaldehyde. Bí ó bá wọnú omi, ó di methylene glycol, omi yìí náà ni gbogbo wa mọ̀ sí fọ́málínì, tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì kó má bàa jẹrà. (Àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú wa pẹ́ nílẹ̀ débi tí a óò fi nílò rẹ̀. Ẹ wá wò ó bí a ṣe ń fi owó ra á sórí alààyè.) Nínú ìgò, ó lè dà bí omi lásán. Àmọ́ bí áyọ́ọ̀nù tí gbígbóná rẹ̀ lé ní 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius bá ti kàn án, ó tún padà di afẹ́fẹ́, ó sì gba imú lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó jókòó àti ẹni tó dúró tì í.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń fi orúkọ kan bo òmíràn mọ́lẹ̀. Ní ọdún 2010, àwọn onídìrí ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà fẹjọ́ sùn pé ojú ń ta àwọn, pé imú àwọn ń ṣẹ̀jẹ̀, pé àwọn kò lè mí dáadáa bí àwọn bá ti lo oògùn ìnarun kan. Wọ́n kọ ọ́ sára oògùn náà pé kò sí formaldehyde nínú rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ààbò òṣìṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ náà yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ju ìdá 8 nínú 100 lọ ní ìpíndọ́gba. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù onídìrí lórí ọ̀rọ̀ náà.

Nítorí náà, ẹ máa ka ẹ̀yìn ìgò. Bí ẹ bá rí formaldehyde, formalin, methanal tàbí methylene glycol, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn oníṣòwò kan ti yọ ọ́ kúrò báyìí, wọ́n fi ohun tí wọ́n ń pè ní glyoxylic acid rọ́pò rẹ̀. Ẹ má tíì máa dúpẹ́. Ní ọdún 2024, àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé ròyìn obìnrin ẹni ọdún 26 kan tí kíndìnrín rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì jẹ́ lẹ́yìn tó lọ na irun pẹ̀lú irú ìpara bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń bi mí ní ọkàn wọn. Láti ọdún 2004 ni ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka formaldehyde mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ọmọ èèyàn. Ẹ̀ka yìí kan náà ka iṣẹ́ onídìrí àti onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ mọ́ àwọn iṣẹ́ tó ṣeé ṣe kó máa fà á. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń tọpa àwọn obìnrin 33,497 fún nǹkan bí ọdún mọ́kànlá. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nínú 100 obìnrin tí kò lo oògùn ìnarun rí, bí 1.64 ni yóò ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ kí wọ́n tó pé ẹni 70 ọdún. Ní ti àwọn tó ń lò ó léraléra, ìyẹn ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún, ó di 4.05. Àwa obìnrin adúláwọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lò ó.

N kò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tó na irun kò ní í rí àrùn náà láéláé, ìwádìí náà kò sì tọ́ka sí ohun kan pàtó nínú ìgò pé òun ló fà á. Àmọ́ ẹ rò ó wò: àwọn tí wọ́n kà yẹn ni àwọn tó jókòó sórí àga kí wọ́n bá wọn ṣe irun ní ìgbà díẹ̀ lọ́dún. Ọmọ tó dúró ti orí mẹ́fà ní ọ̀sán kan ṣoṣo ńkọ́?

Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ohun tí ẹ bá rà. Ó ṣe pàtàkì, nítorí èyí tí kò bá ní in, a kò mọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ nọ́ńbà kì í ṣe fèrèsé. Ìbòmú aláṣọ tí gbogbo wa lò nígbà kòrónà kò lè dá irú afẹ́fẹ́ yìí dúró. Ohun tó ń ranni lọ́wọ́ ni kí ibi iṣẹ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu, kí a gbé fáànù sẹ́yìn ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó máa lé èéfín lọ síta. Ibi tí kò bá sí fèrèsé, kí wọ́n má ṣe é níbẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé omi àlùwàlá ló ń ba ọwọ́ àwọn ọmọ yìí jẹ́. Kì í ṣe òun. Ṣáńpù ni. Ẹni tó bá ń fọ orí láti àárọ̀ dalẹ́, ọṣẹ yóò ti fọ òróró tí Ọlọ́hun dá mọ́ awọ rẹ̀ lọ. Awọ náà á gbẹ, á là, riláásà àti dáì á wá máa gba ojú ibi tó là wọlé. Omi àlùwàlá kàn ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ fún un ni. Ohun tí mo sọ fún ọmọ náà ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì nìyí: kó máa wọ ìbọ̀wọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní nitrile ló dára jù, torí pé ìbọ̀wọ́ onírọ́bà lásán lè mú kí ara àwọn mìíràn yún. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó wọ inú rẹ̀. Kó ju ìbọ̀wọ́ nù bó bá ti lò ó tán, kó má fọ̀ ọ́ sá sórí okùn bí mo ṣe ń rí i tí wọ́n ń ṣe. Kó bọ́ òrùka, nítorí abẹ́ òrùka ni ọṣẹ máa ń sá pamọ́ sí.

Ní ti àlùwàlá, kó ṣe é lásìkò. Bó bá ṣe é tán, kó fi aṣọ mímọ́ nu ọwọ́ gbẹ títí dé àárín ìka, kó wá fi òrí pa á. Òrí tiwa yìí náà ni o, ẹ kò nílò ìpara olówó iyebíye. Ẹ̀yìn àlùwàlá ni mo ní kó fi í sí, kí ọ̀rọ̀ pé ṣé omi kan awọ tàbí kò kàn án má tilẹ̀ yọjú. Bí egbò bá wá pọ̀ débi tí dókítà fi ní kí omi má kàn án, ẹ̀sìn wa kì í ṣe ẹ̀sìn ìnira, ẹ lọ bá àlùfáà yín kó ṣàlàyé bí ẹ ó ti ṣe é fún yín. Ṣùgbọ́n kí ọmọ máa dá sún ìrun síwájú ní kọ̀rọ̀ nítorí pé ó ń bẹ̀rù omi, a kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ìyàwó, ọ̀rọ̀ dáì yìí kàn yín. Lọ́jọ́ kẹta ìpàtẹ náà, ọmọge kan tí wọ́n pa ní dáì dúdú lọ́jọ́ kìn-ín-ní dé pẹ̀lú ojú tó ti wú débi pé kò lè là á. Ohun tó ń mú kí dáì dúdú dúdú ni wọ́n ń pè ní paraphenylenediamine, tí wọ́n sábà máa ń gé kúrú sí PPD. Kò ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan kan, ara ẹlòmíràn a sì kọ̀ ọ́ pátápátá. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ̀ ọ́ rí kò gbọdọ̀ tún dán an wò, torí ìgbà kejì máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sínú páálí pé kí a kọ́kọ́ fi díẹ̀ kan ẹ̀yìn etí tàbí ìgbọ̀nwọ́, kí a dúró fún wákàtí 48 ká tó fi pa orí. Ta ló fẹ́ rí wákàtí 48 níbi ìpàtẹ ọjọ́ mẹ́ta? Ta ló tilẹ̀ ń dúró nínú ṣọ́ọ̀bù àdúgbò wa?

Làálì ńkọ́? Làálì gidi, ewé ni, àwọ̀ rẹ̀ kì í dúdú kirikiri, ó máa ń pọ́n bí obì tó gbó ni, ó sì ń fẹ́ sùúrù. Bí ẹni tó ń lé e fún ìyàwó bá sọ pé tòun á dúdú bí èédú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀lú dáì irun ló pò mọ́ ọn. Lórí ọwọ́ ìyàwó ló ń lọ yẹn, lọ́jọ́ yìgì rẹ̀. Mo ti rí ọwọ́ tó lé ròrò ní ipa òdòdó tí wọ́n yà síbẹ̀, àpá rẹ̀ pẹ́ ju fọ́tò yìgì lọ. Ní Yúróòpù, òfin kò gbà kí PPD ju ìdá 2 nínú 100 lọ nínú dáì irun tí wọ́n bá ti pò, wọn kò sì gbà kí a fi kun awọ ara rárá. Àwọn àlùfáà wa ti ń kìlọ̀ tipẹ́ fún àwọn tó ń pa ewú láró dúdú, tí wọ́n ní kí wọ́n lo làálì. N kò mọ̀ nígbà náà pé awọ orí náà yóò wá jẹ́rìí sí i.

Riláásà tó jó ọmọ ọjọ́ kìn-ín-ní létí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Èròjà tó wà nínú riláásà lè jẹ awọ bíi ti ọṣẹ onífáàmù tó lágbára jù. Bó bá kan awọ tàbí ojú, omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ó kéré tán fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi ọ̀ṣẹ ìfọyín sí i, ẹ má sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i pé ẹ fẹ́ pa agbára rẹ̀.

Níwájú, wíìgì kan náà ni mo rí tó gun orí èèyàn tí n kò lè kà tán. Ọ̀rọ̀ fífi irun kún irun, àwọn àlùfáà ti sọ ọ́ ju bí èmi ṣe lè sọ ọ́ lọ, hadíìsì tó wà lórí rẹ̀ sì le. Èmi yóò kàn sọ tèmi gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì: iná orí àti làpálàpá kì í bi wíìgì pé kí ni iye rẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti tún kan gbogbo ilé Mùsùlùmí ni ìsọ̀ àwọn onígbàjámọ̀. Kílípà kan ń ti orí bọ́ sórí, wọ́n kàn ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn irun rẹ̀ dànù ni. Kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú tí wọ́n ń pè ní hepatitis B lè wà láàyè lára irin tí ẹ̀jẹ̀ ti kàn fún odidi ọjọ́ méje, bí ẹ̀jẹ̀ náà bá tilẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi rí i. Ẹ wá rántí pé ọjọ́ keje náà ni a máa ń fá irun orí ọmọ tuntun. Awọ orí ọmọ náà rọ̀ bí ewé, abẹ lè gé e kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ẹ̀yin bàbá ọmọ, ẹ ra abẹ tuntun tó ṣì wà nínú bébà rẹ̀, kí ẹ fún onígbàjámọ̀ lọ́wọ́, kí ó já a níwájú yín. Kò sí onígbàjámọ̀ gidi tó máa bínú sí i. Bó bá sì bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Ẹ má sì gbàgbé abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B tí wọ́n ń fún ọmọ ní gẹ́rẹ́ tí wọ́n bá bí i.

Ìyá ọmọ náà ti ń dúró dè mí nígbà tí mo dé Ìbàdàn. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ ẹrù kalẹ̀. “Alhaja, ṣé kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni?” Opó ni. Aṣọ àdìrẹ ló tà láti fi san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà, kò sì sí owó láti tún fi kọ́ iṣẹ́ mìíràn. N kò lè sọ pé kó fi í sílẹ̀, n kò sì lè sọ pé kò séwu. Èmi, òun, àti ọmọ náà la jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀.

Fèrèsé méjì ló wà níbẹ̀, pátákó àwòrán irun ni wọ́n fi dí méjèèjì. Wọ́n ṣí i níṣojú wa. Ọ̀gá náà gbà pé ọmọ kò ní dúró ti kẹrátìn mọ́, pé ínhélà rẹ̀ yóò máa wà nínú àpò épírọ̀ọ̀nù rẹ̀, pé òun yóò máa ra ìbọ̀wọ́ fún gbogbo wọn. Ó wá wò mí lójú. “Màmá, tí n bá ní n ò ṣe kẹrátìn mọ́, ṣé oníbàárà ò ní sọdá sí ṣọ́ọ̀bù kejì ni?” N kò rí èsì fún un. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ṣì ń ṣe é, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé ló ń ṣe é sí, lábẹ́ ibi tí wọ́n na tapólì sí, kì í sì í ṣe ju orí kan lọ lóòjọ́.

Ọmọ náà wá sílé mi lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá kí n tún wo ọwọ́ rẹ̀. Àárín ìka ti ń jinná, èékánná nìkan ló ṣì dúdú, ìyẹn yóò sì bá ìdàgbàsókè èékánná lọ. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun ṣe àlùwàlá Àsùbáà tán kí òun tó rántí pé kò ta òun. Ó ku oṣù mẹ́rin kó gba fíríìdọ̀mù.

Ọ̀rọ̀ omi mímu tí mo ṣèlérí, ó di oṣù tó ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́.